Tábúlẹ́ẹ̀tì Kan, Ilẹ̀kùn Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Bí Ará Ilé Ṣe Lè Pa Àṣírí Ímeèlì Mọ́

Ọ̀rọ̀ náà "wàláà" ti wà nínú èdè Yorùbá tipẹ́ kí ẹ̀rọ ìgbàlódé tó dé. Pákó pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ ilé kéú fi ń kàwé ni, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní allo. Ọmọ kọ̀ọ̀kan a máa ní tirẹ̀, a máa kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí i, a sì máa fọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá ti há a sórí tán. Ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń pè ní tábúlẹ́ẹ̀tì lónìí jọ wàláà ní ìrísí, àwọn kan tilẹ̀ ti ń fi orúkọ yẹn pè é, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni wọ́n fi yàtọ̀ síra gidigidi. Èkíní ni pé wàláà kì í rántí ohun tí a ti fọ̀ kúrò lójú rẹ̀, nígbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì a máa rántí. Èkejì ni pé wàláà jẹ́ ti ọmọ kan ṣoṣo, nígbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì, nítorí iye tí a ń rà á, sábà máa ń di ti gbogbo ilé. Níbi tí ìrántí ẹ̀rọ àti àjọlò ará ilé bá ti pàdé ni àṣírí ti ń tú, ohun tí ó sì kọ́kọ́ ń tú níbẹ̀ ni lẹ́tà tí ó wà nínú àpótí ímeèlì.

Ímeèlì ni lẹ́tà tí a fi ẹ̀rọ kọ, tí a sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ẹlòmíràn. Ray Tomlinson, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn nínú àsopọ̀ kọ̀ǹpútà ní ọdún 1971, òun náà ni ó sì yan àmì @ tí ó ya orúkọ ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ibi tí àpótí rẹ̀ wà. Gmail ti ilé iṣẹ́ Google, tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ àwọn tí ń lo ẹ̀rọ Android ní Nàìjíríà, jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2004. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni a ti ṣètò rẹ̀ pé kí ẹnì kan ní àpótí kan, kí ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní páásíwọọ̀dù, sì jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ènìyàn púpọ̀ ti ń lo ẹ̀rọ kan ni pé kọ́kọ́rọ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti ṣí ilẹ̀kùn, gbayawu ni yóò wà títí.

Makera, ní apá gúúsù ìlú Kaduna, jẹ́ ibi tí a ti lè rí ọ̀rọ̀ yìí kedere. Orúkọ náà túmọ̀ sí àwọn alágbẹ̀dẹ ní èdè Hausa, ibẹ̀ sì ni ọ́fíìsì àgbà Ìjọba Ìbílẹ̀ Kaduna South wà. Ohun tí ó kó èrò jọ sí àdúgbò náà àti sí Kakuri tí ó múlé tì í ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá: Kaduna Textiles Limited bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ ní ọdún 1957, United Nigerian Textiles tẹ̀ lé e ní àárín àwọn ọdún 1960, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá, Ìgbò, Hausa àti àwọn ẹ̀yà gúúsù Ìpínlẹ̀ Kaduna rọ́ wá síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba yàrá nínú ilé olójúlé púpọ̀ tí ilẹ̀kùn ti kọjú sí ilẹ̀kùn, irú èyí tí a ń pè ní face-me-I-face-you. Nígbà tí Kaduna Textiles kógbá sílé ní ọdún 2002, tí United Nigerian Textiles náà sì ti ilẹ̀kùn fún ìgbà kan ní ọdún 2007, owó oṣù tí ọ̀pọ̀ ìdílé fọkàn tẹ̀ dáwọ́ dúró. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, bí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ bá ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́wó ná ni, kì í ṣe àìmọ̀kan, àbá pé kí olúkúlùkù lọ ra tirẹ̀ kò sì lè jẹ́ ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n ilé olójúlé púpọ̀ yẹn gan-an ní ẹ̀kọ́ kan nínú. Àwọn ayálégbé jọ ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, wọ́n jọ ń lo kànga kan, ilé ìdáná kan àti balùwẹ̀ kan, síbẹ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, kò sì sí ayálégbé tí yóò bínú sí ẹnìkejì rẹ̀ nítorí pé ó fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, yàrá jẹ́ ti oníyàrá. Ohun tí a ń wá fún tábúlẹ́ẹ̀tì ìdílé kò ju èyí lọ: kí ẹ̀rọ náà dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí àpótí ímeèlì olúkúlùkù sì dà bí yàrá.

Kì í ṣe ìwà àjèjì láàárín àwọn Yorùbá pé kí ọ̀rọ̀ gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá láìjẹ́ pé ẹni náà mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nínú àrokò, tí àwọn baba ńlá wa fi ń ránṣẹ́ kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀, a lè so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ okùn kí a sì fi rán ọmọ ọ̀dọ̀ sí ẹnì kan. Ẹni tí ó gbà á mọ̀ pé ẹ̀fà ni, pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí òun, òun náà sì lè fi ẹyọ mẹ́jọ dá a lóhùn, nítorí pé ẹ̀jọ ń sọ pé ìfẹ́ àwọn méjèèjì jọra. Ẹni tí ó gbé e lè gbé e láti Ìjẹ̀bú dé Èkó kí ó má mọ̀ ju pé owó ẹyọ ni òun gbé lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí ilé ìfìwéránṣẹ́ dé, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí kò ní àpótí lẹ́tà tirẹ̀ máa ń gba lẹ́tà láti ilé nípasẹ̀ ilé iṣẹ́, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹnì kan tí ó ní àpótí. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ lè gba lẹ́tà náà, alábàágbé lè bá a gbé e wálé, ọmọ lè fà á lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àpò ìwé wà ní lílẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá já a kí oníwèé tó dé ti dẹ́ṣẹ̀, gbogbo ènìyàn sì lè rí i pé a ti já a. Ímeèlì tí ó ṣí sílẹ̀ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì kò ní àpò tí a lẹ̀. Ó lè yí àkọlé lẹ́tà padà láti dúdú kirikiri sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nígbà tí a bá ti kà á, àmọ́ ẹni tí ó kà á tún lè sọ ọ́ di èyí tí a kò tíì kà, kò sì sí ojú ibi tí a ti já a.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn kò ní ohun tí àwọn ń fi pamọ́, pé ìpolówó ọjà nìkan ni ó kún inú ímeèlì àwọn. Èrò yìí kò ka ohun tí ímeèlì ti dà lónìí sí. Báńkì ń fi ìròyìn owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde ránṣẹ́ síbẹ̀. JAMB lè béèrè àdírẹ́sì ímeèlì lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì. NYSC ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ agùnbánirọ̀. Ilé ìwòsàn ńlá àti ibi tí a ti ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi èsì ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹni tí ń wá iṣẹ́ mìíràn láìjẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ ń gba ìpè ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbẹ̀. Ohun tí ó burú jù lọ ni pé ímeèlì ni kọ́kọ́rọ́ tí ó ń ṣí àwọn kọ́kọ́rọ́ yòókù. Bí ẹnì kan bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà Facebook, ti ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ti irú àkáǹtì mìíràn, ímeèlì rẹ̀ ni wọn yóò fi ọ̀nà láti ṣe òmíràn ránṣẹ́ sí, nítorí náà ẹni tí ó bá ti wọ inú ímeèlì lè béèrè fún ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun ní orúkọ onílé, kí ó gbà á, kí ó sì pa lẹ́tà tí ì bá tú u fó rẹ́.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí ilẹ̀kùn náà fi ń wà ní ṣíṣí. Nígbà tí a bá kọ àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ aṣínà sórí ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́, èyí tí a ń pè ní wíwọlé, ilé iṣẹ́ tí ó ni ímeèlì náà, bíi Google tàbí Yahoo, yóò fún ẹ̀rọ náà ní ohun kan bí ìwé ìwọlé tí kò hàn sójú, láti ìgbà náà lọ, ẹ̀rọ ni wọ́n ń dá mọ̀, kì í ṣe ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́. Fún fóònù tí ó ń gbé inú àpò ẹnì kan, ìrọ̀rùn ni èyí jẹ́. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tí ó wà lórí tábìlì pálọ̀, ohun tí ó ń jẹ́ yọ yàtọ̀. Bí bàbá bá fi àdírẹ́sì rẹ̀ sínú áàpù Gmail, tí ìyá fi tirẹ̀ sí i, tí ọmọ tí ó fẹ́ ṣe JAMB náà fi tirẹ̀ kún un, inú áàpù kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wà. Àwòrán róbótó kékeré kan wà ní igun òkè ní ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ yóò rí àdírẹ́sì gbogbo wọn ní tò-lé-ra-wọn, bí ó bá sì tẹ èyíkéyìí nínú wọn, lẹ́tà ẹni náà yóò ṣí láìjẹ́ pé ẹ̀rọ béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Ọmọ ọdún méje tí ń wá bí yóò ṣe padà sínú eré rẹ̀ lè ṣe é láìmọ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà tán ni àwọn tí ó ṣe é ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ìdílé. Nígbà tí Steve Jobs, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Apple nígbà náà, fi iPad, tábúlẹ́ẹ̀tì wọn, han aráyé ní oṣù kìíní ọdún 2010, ẹ̀rọ ẹnì kan ni. Èrò kan náà ni ó wà nínú Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé jáde ní ọdún 2013 lábẹ́ Gómìnà Rauf Aregbesola, tábúlẹ́ẹ̀tì tí a kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan di tirẹ̀ mú. Ní ti Android, ètò ìṣiṣẹ́ tí Google ṣe, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì tí a ń tà ní ọjà Nàìjíríà, ìparí ọdún 2012 ni ẹ̀dà 4.2 rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ pé kí tábúlẹ́ẹ̀tì kan ní olùmúlò púpọ̀. Àyè yìí ni ọ̀nà tí ó dára jù lọ títí di òní, àwọn tí ó sì nílò rẹ̀ jù lọ ni kò mọ̀ pé ó wà.

Olùmúlò, nínú ìtumọ̀ tí ó ní níhìn-ín, ni yàrá ọ̀tọ̀ tí ẹ̀rọ kọ́ fún ẹnì kan nínú ara rẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní áàpù tirẹ̀, àwòrán tirẹ̀, ímeèlì tirẹ̀ àti píìnì tí a fi ń tì í. Láti kọ́ ọ, a ó ṣí Settings, ìyẹn ibi tí a ti ń tún ètò ẹ̀rọ ṣe, a ó tẹ System, a ó sì wá Users tàbí Multiple users níbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì Samsung, abẹ́ Accounts and backup ni a ó ti rí i. A ó tẹ Add user, a ó kọ orúkọ, a ó sì gbé ẹ̀rọ náà fún ẹni tí ó ni yàrá tuntun náà kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àdírẹ́sì ímeèlì àti píìnì tirẹ̀ síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ yóò fi ìka fa òkè ojú ẹ̀rọ wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò rí àwòrán orí ènìyàn kékeré, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò mú orúkọ ara rẹ̀, yóò sì kọ píìnì rẹ̀. Olùmúlò àkọ́kọ́, tí ó ni ẹ̀rọ, lè wó yàrá ẹlòmíràn palẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n kò lè wọ inú rẹ̀ lọ ka lẹ́tà.

Ọ̀nà yìí ní ìnira tirẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ lò ó mọ̀ ọ́n. Yàrá kọ̀ọ̀kan ń gba àyè nínú ẹ̀rọ, tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí àyè rẹ̀ kò ju gígábáìtì 16 tàbí 32 lọ kì í sì í pẹ́ kún bí a bá kọ́ yàrá mẹ́rin sí i. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, yàrá méjì ti tó, ọ̀kan fún ẹni tí ímeèlì rẹ̀ gbẹgẹ́ jù lọ, èkejì fún gbogbo ilé. Àwọn ilé iṣẹ́ kan sì yọ àyè yìí kúrò pátápátá nínú tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ṣe, nítorí náà ó dára kí ẹni tí ó fẹ́ rà á fún ìdílé ṣí Settings wò níwájú ẹni tí ń tà á kí ó tó sanwó. Fún àlejò tàbí ọmọ aládùúgbò tí ó ní òun fẹ́ wo fídíò díẹ̀, Guest wà, ìyẹn yàrá àlejò, tí a lè pa gbogbo ohun tí ó ṣe níbẹ̀ rẹ́ nígbà tí ó bá lọ.

Ní ti iPad, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Apple fún àwọn ilé ìwé ní ọ̀nà láti pín iPad kan fún akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ní ọdún 2016, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìdílé kò rí irú rẹ̀ gbà. Ohun tí ó sún mọ́ ọn dé pẹ̀lú iPadOS 18 ní ọdún 2024: ẹni tí ó bá fi ìka tẹ áàpù Mail tàbí Gmail mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ yóò rí àyè láti tì í, kí ẹ̀rọ má ṣí i láìjẹ́ pé ó rí ojú, ìtẹ̀ka tàbí píìnì. Àléébù tí ó wà níbẹ̀ ni pé píìnì tí ó ń ṣí áàpù náà ni píìnì tí ó ń ṣí odindi iPad, ilé tí gbogbo ọmọ ti mọ píìnì yẹn lórí sì ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára àgádágodo. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ohun tí ó sàn ni kí ẹni tí ó fẹ́ pa àṣírí mọ́ má ṣe fi ímeèlì rẹ̀ sínú áàpù rárá.

Ẹni tí kò ní fi ímeèlì sínú áàpù ṣì lè kà á lórí ẹ̀rọ náà. Yóò ṣí Chrome tàbí Safari, àwọn áàpù tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì lo ojú ewé ìkọ̀kọ̀ tí Chrome ń pè ní Incognito, tí Safari ń pè ní Private. Yóò kọ àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, yóò ka lẹ́tà rẹ̀, yóò tẹ Sign out, ìyẹn ni pé kí ó jáde, yóò sì pa gbogbo ojú ewé ìkọ̀kọ̀ náà dé. Bí ẹ̀rọ bá béèrè bóyá kí òun fi ọ̀rọ̀ aṣínà pamọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni èsì rẹ̀. Ọ̀nà yìí gba sùúrù, nítorí pé ojoojúmọ́ ni a ó máa kọ ọ̀rọ̀ aṣínà, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ èyíkéyìí ni ó ti ń ṣiṣẹ́, kò sì gba àyè kankan. Kí a má sì ka orúkọ ìkọ̀kọ̀ yẹn sí ju bí ó ti yẹ lọ: ohun tí ó ń fi pamọ́ ni ìtàn ibi tí a lọ, kí ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ lẹ́yìn wa má rí i. Ilé iṣẹ́ tí ó ni ojú ewé tí a ṣí ṣì ń rí wa. Ní ọdún 2020, àwọn kan ní Amẹ́ríkà pe Google lẹ́jọ́ pé ó ń kó ìròyìn àwọn tí ń lo Incognito jọ, nígbà tí wọ́n sì parí ẹjọ́ náà ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ náà gbà láti pa ọ̀pọ̀ lára àkójọ náà rẹ́, kí ó sì tún àlàyé tí ó ń ṣe fún àwọn ènìyàn kọ.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ku àwọn ihò ara ògiri. Àwọn Yorùbá sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀, ihò mẹ́rin sì wà lára tábúlẹ́ẹ̀tì tí àṣírí ímeèlì ti ń jò. Èkíní ni ìfitónilétí, ìyẹn àkọsílẹ̀ kékeré tí ó ń yọjú láti òkè nígbà tí lẹ́tà bá wọlé. Àwọn ọmọ lè pé jọ yí tábúlẹ́ẹ̀tì ká ní alẹ́ tí iná dé, kí wọ́n máa wo eré, kí orúkọ ilé ìwòsàn àti ìlà àkọ́kọ́ nínú èsì àyẹ̀wò ìyá wọn sì yọ sí orí àwòrán níṣojú gbogbo wọn. Lórí Android, abẹ́ Notifications nínú Settings ni a ti lè sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó má fi ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà hàn nígbà tí ojú rẹ̀ wà ní títì, ibẹ̀ náà ni a sì ti lè pa ti Gmail lẹ́nu mọ́ pátápátá. Lórí iPad, abẹ́ Notifications kan náà ni Show Previews wà, tí a ó yí sí Never.

Ihò kejì ni ìwé tí a bá ímeèlì fi ránṣẹ́. Ẹni tí ó ṣí àkọsílẹ̀ owó báńkì rẹ̀ láti inú lẹ́tà lè jáde kúrò nínú ímeèlì dáadáa, kí ó má mọ̀ pé ẹ̀dà ìwé náà ti wà nínú Downloads tàbí Files, níbi tí ọmọ tí ń wá iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ yóò ti bá a pàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán tí a yà lójú ẹ̀rọ ń wọ àárín àwòrán ọjọ́ ìbí àti ti ìgbéyàwó. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ aṣínà tí Chrome ti fi pamọ́, tí ó máa ń fúnra rẹ̀ kọ ọ́ jáde fún ẹnikẹ́ni tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀kẹrin, tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò, ni nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ìràpadà, ìyẹn ibi tí Google yóò fi àmì ránṣẹ́ sí bí a bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ bá a ṣí ímeèlì, tàbí ọ̀dọ́ tí ẹni tí ó ni káfè bá a ṣí i nígbà tí ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, lè máa lo àpótí tí kọ́kọ́rọ́ ìràpadà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti ọjọ́ yẹn títí di òní. Ó yẹ kí ó wọ abẹ́ Security nínú àkáǹtì Google rẹ̀, kí ó sì fi nọ́ńbà ara rẹ̀ rọ́pò tiwọn.

Abẹ́ Security yìí kan náà ni àtúnṣe wà fún ẹni tí ó ti ṣí ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí kò yẹ, bóyá lórí tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Ìlọrin tàbí lórí ti ilé tí ó ti kó kúrò. Your devices ni yóò tẹ̀. Orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tí ó ń ṣí àpótí rẹ̀ yóò jáde, pẹ̀lú ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn, yóò sì mú èyí tí kò fẹ́, yóò tẹ Sign out, kí ẹ̀rọ náà pàdánù ìwé ìwọlé rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ni yóò yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, tí yóò sì tan ìdánimọ̀ onípele méjì, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ṣì nílò àmì tí yóò wá sórí fóònù onílé kí ó tó lè wọlé lórí ẹ̀rọ tuntun. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ta tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí fi tọrẹ gbọ́dọ̀ yọ gbogbo àkáǹtì kúrò, kí ó sì dá ẹ̀rọ padà sí bí ó ti rí nígbà tí ó ti ilé iṣẹ́ jáde. Píparẹ́ áàpù nìkan kò tó.

Gbogbo èyí jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí kò gba wákàtí kan. Ohun tí ó ṣòro jù ú lọ ni ọ̀rọ̀ ẹnu tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, ẹni tí ó bá fi píìnì sí nǹkan rẹ̀ ni a ń fura sí. Ìyàwó yóò béèrè ohun tí ọkọ ń fi pamọ́, ọkọ yóò béèrè ẹni tí ó ń kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀, òbí yóò sì sọ pé ọmọ tí òun bí kò ní àṣírí sí òun. Ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín. Ọmọ kékeré nílò ìtọ́jú, Google fúnra rẹ̀ kì í sì í gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 dá ṣe àkáǹtì ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àyàfi tí òbí rẹ̀ bá ṣe é fún un nípasẹ̀ Family Link, tí ó jáde ní ọdún 2017. Òbí tí ń lo ọ̀nà yìí ń ṣe iṣẹ́ òbí, ọmọ sì mọ̀ pé a ń wo òun. Àgbàlagbà yàtọ̀. Lẹ́tà tí ó wà nínú àpótí ìyá kì í ṣe ti ìyá nìkan, nítorí pé àbúrò rẹ̀ tí ó sọ ìṣòro ilé ọkọ fún un, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ń wá owó yá àti ọmọ ìjọ tí ó fi ọ̀rọ̀ àìsàn lọ̀ ọ́ kò gbà pé kí gbogbo pálọ̀ gbọ́. Ẹni tí ó ti ímeèlì rẹ̀ ń pa àṣírí ẹni tí ó finú hàn án mọ́ pẹ̀lú.

Òfin pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. Abala 37 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà tí ó ń kọ àti èyí tí ó ń gbà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí tẹlifóònù, kò sì sọ pé ẹni tí ó bá ti gbéyàwó tàbí tí ó ń gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ti pàdánù ẹ̀tọ́ náà. Òfin Ìdáàbòbò Ìròyìn Ara Ẹni tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 de ilé iṣẹ́, báńkì àti ọ́fíìsì ìjọba lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó yọ ohun tí ènìyàn ń fi ìròyìn ṣe nínú agbo ilé nìkan sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti tẹ ẹ̀tọ́ ìkọ̀kọ̀ ẹlòmíràn lójú. Èyí fi hàn pé kò sí ọ́fíìsì tí yóò wá máa ṣọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì tí ó wà nínú pálọ̀. Ará ilé ni yóò ṣe òfin tiwọn.

Òfin náà kò gbọdọ̀ gùn. Ó lè jẹ́ pé olúkúlùkù ní yàrá rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, pé kò sí ẹni tí ń béèrè píìnì àgbàlagbà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pé ẹni tí ó bá bá ímeèlì ẹlòmíràn ní ṣíṣí yóò pa á dé láìkà á, yóò sì sọ fún un. Ìdílé tí ń gbé ilé olójúlé púpọ̀ ní Makera kò nílò olùkọ́ kí ó tó yé e pé a lè jọ lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan fún ogún ọdún kí a má ṣe ṣí ilẹ̀kùn yàrá ara wa láìkàn án. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ka àpilẹ̀kọ yìí gbé tábúlẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ ní alẹ́ òní, kí ó ṣí áàpù ímeèlì, kí ó tẹ àwòrán róbótó tí ó wà ní igun òkè yẹn, kí ó sì ka iye àdírẹ́sì tí ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀.